Ọ̀já Tí Hùdá Mọ̀

Àtàláátà, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Ọyẹ́ yìí ò fẹ́ lọ mọ́. Kí n tó ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ lónìí, eruku ti bo gbogbo aṣọ iwájú bí ẹni pé wọ́n ku èlùbọ́ sí i lórí. Hùdá ọmọ mi ń wúkọ́ lẹ́yìn mi. Mo ń gbọn aṣọ, eruku ń wọ̀ ọ́ nímú, ó tún ń wúkọ́. Oníbàárà kan láti Júgù yọjú, ó fẹ́ ra aṣọ fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà lórí iye tí yóò san, ni ọmọ mi bá bì sórí aṣọ tí obìnrin náà fà sọ́wọ́. Ó ní òun ń bọ̀. Mo mọ irú "mò ń bọ̀" bẹ́ẹ̀. Kò bọ̀.

Mo bínú sí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ni mo bínú sí ara mi pé mo bínú sí i.

Ìyá ọkọ mi tún pè láti Ṣábẹ̀ ní ọ̀sán. Kò kí mi tán tó fi ní kí n gbé fóònù sí Hùdá létí, ó sì gbọ́ ikọ́ náà. "Ìyàwó, ṣé inú ọjà ni ọmọ yẹn wà pẹ̀lú ikọ́ báyìí? Mò ń bọ̀ wá mú un. Tó bá ti ń rìn, tó ti ń sọ̀rọ̀, n óò dá a padà fún ọ." Bí ẹni tó fẹ́ yá odó lọ́wọ́ aládùúgbò.

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Kì í ṣe ohun tuntun nínú ilé wọn. Ọ̀dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ni ọkọ mi náà dàgbà sí, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbé fóònù sílẹ̀ ni mo so ọ̀já Hùdá le sí i. Bí Hùdá bá lọ, èmi náà ni yóò máa wò bí àlejò nígbà tó bá dé.

Àlàmísì, ọjọ́ karùn-ún

Àsánátù, tí ìsọ̀ rẹ̀ kan tèmi, tí ọ̀rọ̀ kì í ṣẹlẹ̀ ní ọjà Arzèkè ní Parakou yìí kó má kọ́kọ́ gbọ́, ló mú ìròyìn wá. Ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ìlà àwa aláṣọ, tí gbogbo wa rò pé ibi tí wọn yóò ti máa gba owó-orí ni, kírẹ́ṣì ni! Ibi tí wọn yóò ti máa tọ́jú ọmọ àwa tí a ń ṣiṣẹ́. Ìjọba ni yóò máa san owó àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, yóò sì san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kù fún wa lóṣù kò tó ohun tí mo ń ná lórí omi tútù.

Mo ní, "Ìjọba wo?"

Ó ní, "Ìjọba tiwa yìí náà."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kì í ṣe pé a fẹ́ ṣe ẹlẹ́yà ìjọba o, a kàn ṣì ń wá ibi tí ẹ̀tàn náà wà. Nígbà tí mo lóyún Hùdá ni mo ti lọ bèèrè ní kírẹ́ṣì aládàáni kan ní Banikanni. Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà dárúkọ owó náà pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo dúpẹ́, mo ní ṣé ti ọdún kan nìyẹn. Ó ní ti oṣù kan ni. Mo tún dúpẹ́, mo yí ẹ̀yìn padà.

A lọ wo ibẹ̀ kí ọjà tó gbóná. Ilé náà mọ́lẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ tóbi, fáànù wà lókè, ẹní tuntun wà nílẹ̀, ẹnu omi ẹ̀rọ sì kéré, ó wà nísàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọdé yóò tó o. Ìyẹn ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹnì kan jókòó ní ọ́fíìsì kan, ó rò ó pé ọwọ́ ọmọ kúrú.

Obìnrin tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Olúwakẹ́mi, ará Ìdàáṣà ni, ó ní kí a máa pe òun ní Tàtá bí àwọn ọmọ yóò ṣe máa pè é. Kó tó kí mi, ó ti lóṣòó títí ojú rẹ̀ fi bá ojú Hùdá dọ́gba, òun ló kọ́kọ́ kí. Ó bi mí bí ọmọ ṣe ń sùn, orin wo ló fẹ́, ṣé ó fẹ́ kí wọ́n máa fọwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́ tàbí kí wọ́n rọra máa mì í. Láti ìgbà tí mo ti bí Hùdá, ìwé ìbí nìkan ni ará ọ́fíìsì ti bèèrè lọ́wọ́ mi rí.

"Ẹ lè máa wá fún un lọ́mú nígbàkúùgbà, Màmá Hùdá, ìsọ̀ yín ò jìnnà. Ẹ kàn mú ọ̀já tí ọmọ mọ̀ wá. Tó ti mọ́ ọn lára. Ẹ̀yìn wa ni wọn óò máa sùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Bàbá Hùdá dé láti Malanville, àlùbọ́sà kún ọkọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀ kún ilé wa ní Ladjifarani. Mo jẹ́ kó jẹun tán kí n tó la ẹnu.

Ó fọwọ́ ra orí, ó pe orúkọ mi. "Ìyá mi ni, Mùfú. Kí ni kí n sọ fún un? Pé ìjọba ni yóò máa pọn ọmọ wa?"

"Ìjọba kọ́ ló máa pọ̀n ọ́n, Bàbá Hùdá. Ìjọba ló máa sanwó fún ẹni tó máa pọ̀n ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín. Bí Àbdùlmàjíìdì bá ti rẹ́rìn-ín, kò lè jà mọ́, mo ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ kí a tó fẹ́ra. A fi àdéhùn sí i. Hùdá yóò lọ gbìyànjú kírẹ́ṣì. Bí ọ̀sẹ̀ kìíní ààwẹ̀ bá parí, tí ara rẹ̀ ò sì tíì balẹ̀ níbẹ̀, yóò bá ìyá ọkọ mi lọ sí Ṣábẹ̀, n kò sì ní fọhùn. Mo gbà. Láti ìgbà tí mo ti gbà á ni mo ti ń kábàámọ̀.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Màmá dé. Iṣu, wàrà, adìẹ kan tó ń pariwo nínú apẹ̀rẹ̀. Kò tíì jókòó tó ti tú Hùdá lẹ́yìn mi. "Ọkọ mi kékeré, wọ́n ti fi eruku bọ́ ọ yó!" Hùdá, tí kì í lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, di etí rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo jowú.

Ó ti gbá gbogbo ilé kí n tó kírun ìrọ̀lẹ́ tán, abẹ́ ibùsùn pàápàá kò ṣẹ́ kù. Ó fi òróró àgbọn pa àyà ọmọ, ikọ́ náà sì rọlẹ̀. Ì bá rọrùn fún mi ká ní ìkà ni. Kì í ṣe ìkà. Ó fẹ́ràn ọmọ mi, ó sì mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọ̀la ni wọn yóò ṣí kírẹ́ṣì. Mo yọ ọ̀já Hùdá jáde láti fi sínú báàgì rẹ̀, mo sì wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀já yìí ti jẹ́ búlúù rí. Ní báyìí kò sẹ́ni tó lè dárúkọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Wàrà ọmú ti gbẹ sí i, etí rẹ̀ kan ti ya, ibì kan ti jóná nígbà tí mo ń dáná pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àwọn ọ̀gá mẹ́rì, ilé ìjọba ìlú, ń bọ̀ lọ́la, àwọn oníròyìn ń bọ̀. Èmi tí mò ń ta aṣọ ní Arzèkè ni kí n gbé àkísà lọ síwájú ìjọba?

Mo ká a sábẹ́ ibùsùn, mo lọ sí ìsọ̀, mo tú ìdì tó dára jù, mo gé ọ̀já tuntun. Pupa àti wúrà. Àsánátù ti gé ti ọmọ rẹ̀ Fáìsàlì ṣíwájú mi, àwọ̀ ewé ni tirẹ̀. Ó wo tèmi, ó ní, "Bọ̀n. O fẹ́ bá mi du ipò lọ́la." Mo ní ipò náà ti jẹ́ tèmi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹ wá wo ọjà! Ìlà aláṣọ ló ṣí kírẹ́ṣì, kì í ṣe mẹ́rì. Kò sí ìyá tó mú ọ̀já tó ti fojú kan omi rí. Wọ́n kọ́ gbogbo rẹ̀ sára ògiri, fọ́tò ń lọ, àwọn ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ gígùn, ọmọ ìyá tó ń ru ẹrù lójú ọjà jókòó ẹ̀gbẹ́ ọmọ tíṣà, orí mi wú. Mo ti ń san owó ìsọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé ọjà yìí, mi ò sì bèèrè ibi tí owó náà ń gbà rí. Lónìí mo rí ohun tí ó ṣe.

Lẹ́yìn náà a fi wọ́n sílẹ̀, a padà sí ìsọ̀, igbe sì bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ igbe Hùdá láàrin gbogbo rẹ̀. Mo ń wọn aṣọ fún oníbàárà, mò ń gbọ́ ọ. Mo wọn ọ̀pá kan lé.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Igbe.

Àlàmísì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ò gbà á nítorí ọmú, ṣùgbọ́n ooru yìí ń bá oníààwẹ̀ àti aláìgbààwẹ̀ jà bákan náà. Ọyẹ́ ti lọ lójijì bí àlejò tí kò dágbére.

Àsánátù ti mú Fáìsàlì kúrò. "Mo sọ fún ọ, pọlitíìkì ni." Àwọn mìíràn ti mú tiwọn. Nígbà tí mo wọlé láti fún Hùdá lọ́mú, Tàtá gbé ọmọ kan pọ̀n, òmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kẹta di ìró rẹ̀ mú nísàlẹ̀, ó sì ń kọrin fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì gbé ohùn sókè. Òógùn bo ojú rẹ̀. Kò bínú sí wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kàn ń wò ó. Èmi tí mo bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, mo ti bínú sí i lẹ́ẹ̀mejì ní òwúrọ̀ yìí.

Ọ̀gá kan wá láti mẹ́rì. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: bí àwọn ọmọ kò bá dúró, ìrànlọ́wọ́ yìí yóò lọ sí ọjà ìlú mìíràn, wọ́n pọ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Tàtá ní, "Ẹ fún wọn láyè díẹ̀ sí i, Mùsíè. Ọmọ ni wọ́n." Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ibẹ̀, ẹjọ́ mi ti tán nìyẹn, Ṣábẹ̀ ló kù.

Jímọ̀, ogúnjọ́

Ohùn Hùdá ti há. Ó sọkún dé ilé. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń kọrin sí i létí. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Màmá ti di ẹrù Hùdá. Mo rí báàgì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nígbà tí mo jí ṣe sààrì fún Bàbá Hùdá. Aṣọ kéékèèké náà ká dáadáa nínú rẹ̀. Èmi náà ni mo gba àdéhùn.

Àlàrùbá, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Màá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí n má bàa gbàgbé ìkankan.

Òní ni ọ̀sẹ̀ ààwẹ̀ pé. Màmá dé ọjà kí oòrùn tó mú, báàgì Hùdá wà léjìká rẹ̀, ọkọ̀ Ṣábẹ̀ ń dúró. Mo sọ fún ara mi pé n kò ní sunkún níwájú Àsánátù. A jọ wọ kírẹ́ṣì. Àwọn ọmọ tó kù kò pọ̀, gbogbo wọn ló sì ń ké. Hùdá wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti wú, Tàtá ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ọ̀já pupa àti wúrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó le gan-an, o lè gbé e dúró kó má ṣubú.

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rò pé ọmọ ló fẹ́ gbé. Ọ̀já ló gbé. Ó gbé e símú. Ó lọ sára ògiri, ó gbóòórùn òmíràn, ó tún gbóòórùn òmíràn.

"Ìyàwó."

"Màmá."

"Ta ni ẹ ń tà á fún níbí?"

"Kí ni, Màmá?"

"Aṣọ. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ ni. Ìsọ̀ mìíràn lẹ ṣí síbí." Ó na ọ̀já náà sí mi. "Gọ́ọ̀mù aṣọ tuntun ló ń rùn. Ọmọ wo ló máa fi orí lé gọ́ọ̀mù kó sùn? Tilé dà?"

Mo ní, "Tilé wo?" Mo mọ èyí tó ń wí.

"Èyí tó o ká sábẹ́ ibùsùn. Mo gbálẹ̀ yín, mo rí i. Mo rò pé o fi pamọ́ de ọmọ kejì ni. Èmi ò mọ̀ pé ìtìjú lo fi ń ṣe. Lọ mú un wá."

Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Mo gun alùpùpù zẹ́mì, mo ní kó máa sáré. Ní ojú ọ̀nà Ladjifarani ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ká ní Màmá dákẹ́ ni, ká ní ó kàn gbé ọmọ tó ń ké náà, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ọkọ mi ti gbà, èmi ti gbà. Ní wákàtí tí mo wà lórí zẹ́mì yìí, Hùdá ì bá ti wà lórí itan rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ohun tó wá gbà ní Parakou ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó sì rán mi lọ mú ohun tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo dé, Tàtá kúnlẹ̀, Màmá gbé ọmọ lé e lẹ́yìn, ó fi àkísà náà dì í, ó so ó níwájú bí a ṣe ń so ó nílé. Hùdá ké lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá fi imú ra ọ̀já náà, sí ọ̀tún, sí òsì. Ó rí ibi tó jóná yẹn, ó fi ìka sínú rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó dákẹ́. Ó sùn.

Mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹní àwọn ọmọ, mo sunkún tí mo ti sọ pé n kò ní sun.

Tàtá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ọmọ má bàa jí: "Mo kúkú wí fún wọn, Màmá. Ọ̀já tí ọmọ mọ̀, ni mo wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé pẹ̀lú aṣọ olówó ńlá, tí inú gbogbo wọn dùn báyẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé kó padà lọ mú àkísà wá?"

"O jẹ́ ọmọ dáadáa," ni Màmá wí. "Èmi ò jẹ́ ọmọ dáadáa. Èmi á sọ fún wọn."

Ó jáde. Ó dúró láàrin ìlà aláṣọ, obìnrin kúkúrú tó wọ bàtà rọ́bà kan báyìí, ó sì kígbe: "Ẹ̀yin ìyá ọlọ́ṣọ̀ọ́! Ìjọba ò ní kẹ́ ẹ wá ṣe ìpolówó! Ẹ lọ sílé, ẹ lọ mú àkísà yín wá!" Àwọn alábàárù gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. Àsánátù fi ìborùn bojú.

Kò dárúkọ ọkọ̀ Ṣábẹ̀ mọ́. Báàgì Hùdá ṣì wà léjìká rẹ̀ nígbà tí a ń lọ sílé.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ògiri kírẹ́ṣì lónìí! Bí okùn tí wọ́n sá aṣọ ilé tálákà sí. Àwọn tó ya, àwọn tó ṣá, àwọn tí wọ́n ti lẹ̀ lójú mẹ́ta. Ti Fáìsàlì ní àmì áyọ́ọ̀nù gbàgàdà láàrin. Àsánátù rí mi tí mò ń wò ó. "Má wò mí o. Ìjọba ló ní kí n mú un wá." Gbogbo àwọn tó lọ ló padà, àwọn tí kò wá rí náà wá.

Ní ọ̀sán, mo gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ibẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ta aṣọ mẹ́ta, mo sì wọ̀n wọ́n pé.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo lọ gbé Hùdá ní ìrọ̀lẹ́, ó sunkún pé mo wá gbé e. Mo rẹ́rìn-ín dé ilé.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹwàá

Ooru ò jẹ́ kí ènìyàn mí. Máńgòrò àkọ́kọ́ ti dé, owó rẹ̀ ṣì le. Kájú náà ti dé, àwọn oníkájú rówó, wọ́n ń ra aṣọ ọdún, ọjà ń tà gan-an. Hùdá ò wúkọ́ mọ́. Ọ̀gá mẹ́rì yẹn padà wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwọn ọmọ tó sùn, ó wo ògiri àkísà. Ó wá ní ìrànlọ́wọ́ náà ti dúró, kò ní lọ sí ìlú kankan. Ìyá tó ń ru ẹrù yẹn fò sókè. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ kò sí ní abẹ́ àtíbàbà mọ́, ó ní ọwọ́ òun méjèèjì ti di ti òun. Mo gbàdúrà fún ẹni tó ronú kan nǹkan yìí, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, àti ẹni tó fi ẹnu omi sísàlẹ̀.

Ìwà Màmá kan wà tí kò yé mi. Nílé, ọ̀já pupa àti wúrà yẹn ló fi ń pọn Hùdá láràárọ̀, lálaalẹ́. Ó fi ń dáná, ó fi ń gbálẹ̀. Mo fẹ́ fọ̀ ọ́ lánàá, ó gbà á lọ́wọ́ mi. "Fi í sílẹ̀." Mo rò pé ó fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ni. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Lẹ́yìn ìṣínu, nígbà tí àkàrà ti kún ẹnu rẹ̀, mo fi ìgboyà bi í. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi rán mi lọ mú àkísà yẹn? Ẹ ì bá ti gbé ọmọ yín lọ."

Ó jẹ àkàrà rẹ̀ tán. Ó ní nígbà tí òun bí Àbdùlmàjíìdì, gààrì ni òun ń tà lójú rélùwéè, láti Ṣábẹ̀ dé Parakou, padà dé Kútọnu. A kì í gbé ọmọ jòjòló wọ inú èrò báyẹn. Ìyá òun ló gbà á. Ó tọ́ ọ dáadáa, kò fi ìyà jẹ ẹ́. Ìgbà tí ó tó ọdún méjì, òun fi ọjà sílẹ̀, òun lọ mú ọmọ òun.

"Mo na ọwọ́ sí i. Ó sá sẹ́yìn ìyá mi. Ó ń ké bí ẹni tó rí olè." Ó nu ẹnu. "Ọkọ rẹ fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí orí bá ń fọ́ ọ, orúkọ ìyá mi ló ń pè, obìnrin tó ti kú. Nígbà yẹn ìjọba ò kọ́ ilé kankan sí ẹ̀gbẹ́ rélùwéè fún wa."

Òótọ́ ni. Orúkọ yẹn ló ń pè. Mi ò ronú sí i rí.

Mo dọ̀bálẹ̀ ni tàbí mo kúnlẹ̀ ni, mi ò mọ̀ mọ́, ó ní kí n dìde kí n lọ bu omi wá.

Jímọ̀, ogúnjọ́

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. A kírun, a jẹun, a ya fọ́tò. Hùdá di ọwọ́ Màmá mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó ṣubú, ó rẹ́rìn-ín. Tàtá Olúwakẹ́mi wá kí wa pẹ̀lú àkàrà òyìnbó, gbogbo ilé ló sì ń pe Kristẹni ọmọ Ìdàáṣà yìí ní Alhaja.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Màmá ti lọ.

Ẹrù rẹ̀ kò tó ti ìgbà tó ń bọ̀. A sìn ín dé ibùdókọ̀, Hùdá wà lẹ́yìn rẹ̀ títí ẹnu ọkọ̀, nínú ọ̀já pupa àti wúrà. Ọ̀já náà ti rọ̀, wàrà ti dà sí i, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń tú, àwọ̀ wúrà ti ń di àwọ̀ ilẹ̀. Nígbà tó tú ọmọ náà, tó dì í mọ́ mi lẹ́yìn, Hùdá fi imú ra ọ̀já náà sí ọ̀tún, sí òsì, ó sì gbé orí lé e.

"Ó ti mọ èyí náà báyìí," ni Màmá wí. "Èyí ni kó o máa gbé lọ sí kírẹ́ṣì lọ́la. Kò ní sunkún." Ó wá ń wo ilẹ̀, obìnrin tó kígbe lé gbogbo ọjà Arzèkè lórí. "Nítorí náà, o lè fún mi ní àkísà yẹn."

Ó wà nínú báàgì mi, mo ti gbé e bọ̀ láti kírẹ́ṣì ṣáájú ọdún pé kí n fọ̀ ọ́. Mo yọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ó dọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́, Bàbá Hùdá á fi í ránṣẹ́ sí yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Má fọ̀ ọ́."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ká a kékeré, ó wọ ọkọ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kí ọkọ̀ tó gbéra, mo rí i tó gbé e símú.